Èmi Ni Mo Ń Gbé Ẹ̀yìn Mi Rìn

Télọ̀ ni màmá mi, ní Sango-Ọ̀tà, ní àsìkò tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ tó bá ṣófo lónìí, bí o bá padà débẹ̀ lọ́la, wọ́n ti na tápólì lé e lórí, àga rọ́bà ti tò sábẹ́ rẹ̀, ìsìn sì ti bẹ̀rẹ̀. Mùsùlùmí ni wá. Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí mi ti wá ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n aṣọ akọrin ló ń bọ́ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá bi màmá mi léèrè bí obìnrin tó ń kírun ṣe di ẹni tó ń ránṣọ fún ṣọ́ọ̀ṣì, á ní abẹ́rẹ́ òun kò tíì gba ẹ̀sìn kankan. Nígbà tí yunifásítì tún dé, tí àwọn ọmọ tó ń wọlé ń wá gáùn dúdú, iṣẹ́ pọ̀ débi pé kò sí ibi tí a lè jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù àfi orí aṣọ. Àlájà ni gbogbo oníbàárà ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì fẹsẹ̀ kan Mẹ́kà.

Màmá mi kò fẹ́ràn tépù. Ó ní ojú òun mọ ìwọ̀n ju tépù lọ. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ọmọdé wá, ẹyọ kan ni yóò kọ́kọ́ rán, á ní kí n wọ̀ ọ́, á yí mi po, á fi píìnì há ibi tó bá gùn jù, á gé e kúrò. Bó bá ti dára lójú rẹ̀, aṣọ tó bá mi mu yẹn ni yóò tẹ́ lé yádì tó kù, á sì fi gé gbogbo ìyókù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, mo sì kórìíra ìdúró yẹn dé ọkàn. Ọmọ tó tètè ń bínú ni mí. Bí wọ́n bá ní kí n dúró jẹ́ẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Màmá mi á fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn pé kí n nàró. Mo sì nàró, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo nàró.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí wa fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ọdún, wọ́n sì gbé róòbù àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin akọrin wọn fún un. Àwọ̀ wáìnì ni, ọrùn rẹ̀ funfun. Wọ́n gbà á lọ ní Sátidé. Nígbà tó di Mọ́ńdè, olórí ẹgbẹ́ akọrin náà dé, obìnrin sísanra kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò jù mí lọ, wọ́n gbé báàgì ńlá tó kún fún róòbù. Ó kí màmá mi dáadáa, ó bi í léèrè ilé, ó bi í léèrè iṣẹ́, kó tó di pé a mọ̀ pé ẹjọ́ ló bá wá. Ó ní nígbà tí àwọn ọmọ òun tò síwájú ìjọ, gbogbo wọn ló fì sí apá kan, àwọn ènìyàn sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ó ní àgbà ìjọ kan bi òun bóyá bí wọ́n ṣe ń rán an lóde òní nìyẹn.

Màmá mi kì í gbà pé òun ṣe àṣìṣe nídìí aṣọ. Ó ní àwọn ọmọ náà ni kò mọ̀ ọ́n dúró. Ó pè mí, ó fa róòbù kan yọ nínú báàgì, ó wọ̀ ọ́ sí mi lọ́rùn. Aṣọ náà bá mi mu rẹ́gí. Ìṣẹ́tí rẹ̀ lọ tààrà, èjìká méjèèjì dọ́gba. Màmá mi wo obìnrin náà bí ẹni tó ti jàre. Obìnrin náà bọ́ ọ lọ́rùn mi, ó wọ̀ ọ́ sí ọmọ tirẹ̀ lọ́rùn, ọmọ náà sì nàró bíi ṣọ́jà. Apá òsì róòbù náà ń wọ́ lọ sílẹ̀, apá ọ̀tún gòkè.

Wọ́n mú róòbù mìíràn, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀, bákan náà ló rí. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó wo róòbù mọ́. Èmi ni gbogbo wọn ń wò.

Màmá mi ní kí n kọ ẹ̀yìn sí òun. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lọ́rùn, ó fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ó ṣe máa ń fi ọwọ́ tún aṣọ tẹ́ kí ó tó fi áyọ́ọ̀nù sí i. Mo mọ̀ ọ́n lára bí ọwọ́ náà ṣe kúrò láàárín, tó ya sí ọ̀tún, tó tún padà sí òsì nísàlẹ̀. Ó padà sókè, ó tún un fà. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí.

“Ẹ má bínú, Mọ́mì,” ni ó wí fún olórí akọrin náà. “Ọmọ mi ni mo fi gé e.”

Ojú tì mí débi pé mo sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ tí olórí akọrin náà ń sọ fún màmá mi pé kí ó má wulẹ̀ dààmú lórí róòbù, pé ọmọ ni kí ó kọ́kọ́ mójú tó. Màmá mi tú gbogbo róòbù náà palẹ̀, ó tún wọn rán, ó sì lọ ra tépù tuntun. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ń gbé ní Alápòtì, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa fi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wọn aṣọ dípò mi. Màmá mi dá a lóhùn pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Èmi ló ṣì ń pè kí n wá wọ ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tépù ló fi ń gé ìyókù.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí ló kọ́kọ́ fẹ́ wò mí. Ó mú arúgbó kan wá tó mọ ara wọ́, wọ́n dá mi dùbúlẹ̀ lórí ẹní, wọ́n sì ń fi òrí gbígbóná tẹ̀ mí lẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn kò dùn mí rárá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, n kò lè jókòó ní kíláàsì. Bàbá mi, tí iṣẹ́ fákitọ́rì tó ń ṣe ní ìlú Agbára kì í jẹ́ kí a rí i tó, dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan bí ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ṣe já a sílẹ̀, ó bá mi níbi tí mo ti ń ké. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ arúgbó náà, ó fún un lówó ọkọ̀, ó sì sọ fún màmá mi pé ilé ìwòsàn ló kàn.

Dókítà àdúgbò ní kí a lọ sí ilé ìwòsàn eegun ní Èkó. Níbẹ̀, dókítà kan tó ń rọra sọ̀rọ̀ ní kí n bẹ̀rẹ̀ síwájú kí n jẹ́ kí ọwọ́ mi so rọ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, egungun ìhà ọ̀tún mi ga sókè ju ti òsì lọ, ó sì fi han màmá mi. Nígbà tí ẹ̀síréè jáde, ó gbé e sójú iná. Mo rí eegun ẹ̀yìn ara mi tó tẹ̀ lọ sí ọ̀tún, tó tún tẹ̀ padà. Inú bí mi sí i bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni màmá mi kọ́kọ́ bi dókítà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá bí òun ṣe pọ̀n mí ni, nítorí pé nídìí màṣíìnì lòun ti pọ̀n mí dàgbà, mo sì máa ń sùn fì sí apá kan. Dókítà ní rárá. Ó ní kì í ṣe ọmọ pípọ̀n, kì í ṣe báàgì ìwé, kì í ṣe bí mo ṣe ń sùn, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fa irú tèmi gan-an. Màmá mi mí kanlẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ti ń gbé ìbéèrè yẹn kiri.

Dókítà wá ṣàlàyé. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀ ni eegun náà tẹ̀, òun ì bá kàn ní kí a máa wá, kí òun máa ṣọ́ ọ. Tèmi ti kọjá bẹ́ẹ̀, n kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ìdàgbà ṣì kù níwájú mi, bí mo bá sì ṣe ń ga ni yóò máa tẹ̀ sí i. Nítorí náà bẹ́líìtì líle tó ń di ẹ̀yìn mú ni mo máa wọ̀. Ó ní kí n má gbà pé bẹ́líìtì yóò nà án. Ìdí tí wọ́n fi ń wọ̀ ọ́ ni kí ó lè di eegun náà mú síbi tó wà títí n ó fi ga tán. Bó bá kọ̀ tó tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ abẹ ló kù. Iṣẹ́ abẹ nìkan ni mo gbọ́. Mo pinnu lójú ẹsẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀bẹ kàn mí, pé n ó wọ bẹ́líìtì náà ju bí wọ́n ṣe fẹ́ kí n wọ̀ ọ́ lọ.

Ọkùnrin kan tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá níbẹ̀ fi pí-ó-pì tútù, irú èyí tí wọ́n fi ń di eegun tó ṣẹ́, wé àyà àti ikùn mi, ó jẹ́ kí ó gbẹ, ó là á kúrò lára mi, ó sì fi ṣe àwòṣe bẹ́líìtì náà, ike líle funfun kan. Nígbà tí a padà lọ gbà á, ó dè mí mọ́nú rẹ̀ láti abẹ́ apá dé ìbàdí, ó fa okùn rẹ̀ le. Tọ̀sán tòru ni mo gbọ́dọ̀ máa wọ̀ ọ́, àfi bí mo bá ń wẹ̀ tàbí bí mo bá ń ṣe eré ìmárale tí wọ́n kọ́ mi kí iṣan ẹ̀yìn mi lè lágbára. Nínú oòrùn Sango ni mo ti ń wọ̀ ọ́, láìsí iná, láìsí fáànù. Òógùn ń ṣàn nínú rẹ̀, ara mi ń bó. Màmá mi rán síńgílẹ́ẹ̀tì aláìlápá fún mi tí ojú rírán rẹ̀ wà níta, kí ó má bàa gún mi lára, ó sì ń fọ̀ ọ́ fún mi lójoojúmọ́ fúnra rẹ̀.

Ní ilé ìwé, wọ́n á fi ìka kàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kọ́ kọ́ kọ́, wọ́n á ní, “Àgò onílé.” Ẹni àkọ́kọ́ tó dán an wò, mo yí sí i lójijì, ike náà gbá a nígbòǹwọ́, òun ló sunkún. Ní gáréèjì Sango, kọ̀ǹdọ́tọ̀ kan fẹ́ tì mí wọ inú ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ bá nǹkan líle, ó sì bi mí, “Wetin be this? Na market you carry for body?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣé ó fẹ́ rà? Ọjọ́ kan kò sí tí inú kì í bí mi. Ṣùgbọ́n ìbínú náà wúlò, torí òun ló ń bá mi fa okùn bẹ́líìtì le láràárọ̀.

Olórí akọrin ọjọ́sí kò gbàgbé wa. Ó wá sọ fún màmá mi pé oníwàásù kan ń bọ̀ ní ìjọ àwọn, àdúrà ọ̀sán fún àwọn aláìsàn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, àfáà wa ti fún mi ní omi àdúrà, mo sì ti mu ún. Màmá mi ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ó dè mí ní ìbòrí, a lọ. Abẹ́ tápólì náà gbóná bí ilé ìdáná. Nígbà tí àdúrà wọra, oníwàásù ní kí ẹni tó bá gbà gbọ́ ju ohun tó ń tì í lẹ́yìn sílẹ̀. Bàbá kan ju ọ̀pá rẹ̀, ìjọ pariwo. Olórí akọrin wò mí. Mo wo màmá mi, mo sì rí i pé òun náà ń wo okùn bẹ́líìtì mi. Obìnrin tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni, ẹ̀rù sì ń bà á pé bóyá ìgbàgbọ́ ló kù. Olórí akọrin na ọwọ́ sí ẹ̀yìn mi pẹ̀lú ìfẹ́. Mo di ọwọ́ náà mú.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́,” ni mo wí. “Ọlọ́run tó fẹ́ wò mí lè wò mí nínú rẹ̀.”

Ó wò mí títí, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó gbàdúrà fún mi pẹ̀lú bẹ́líìtì náà lára mi, àdúrà tó gùn, tó sì dára. Nígbà tí a ń lọ sílé, màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà. Ó ní eegun olórí kunkun ló wà lára mi, olórí kunkun bíi tirẹ̀ ló yàn.

Mo wọ bẹ́líìtì náà títí ó fi kéré fún mi, wọ́n ṣe òmíràn. Nígbà tí mo sún mọ́ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo ga lójijì, gbogbo aṣọ mi kúrú. A lọ ya ẹ̀síréè. Dókítà gbé ti tẹ́lẹ̀ àti ti tuntun sójú iná. Kí ó tó sọ ọ́ ni mo ti rí i. Eegun náà ti lọ. Ó ti tẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n ní kó má kọjá.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tú okùn bẹ́líìtì, mo sì jù ú mọ́ ògiri. Gbogbo ooru yẹn, gbogbo “àgò onílé” yẹn, lórí asán. Dókítà tẹ̀ lé mi, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mú un nílẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé mo ṣe é tì. Ó ní bẹ́líìtì ń di ti ọ̀pọ̀ ọmọ mú, àwọn kan sì wà tí tiwọn kì í gbọ́. Ó ní bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, kò ní dúró nígbà tí mo bá ga tán pàápàá, yóò máa tẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi há ẹ̀dọ̀fóró mi mọ́. Lóòótọ́, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé ìwé, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ abẹ náà ni pé wọ́n á la ẹ̀yìn mi, wọ́n á fi síkúrù àti ọ̀pá irin mú eegun náà tọ́ dé ibi tó bá lè tọ́ dé, wọ́n á sì jẹ́ kí apá ibẹ̀ so pọ̀ di ọ̀kan. Màmá mi bi í bóyá ó lè gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ mi. Dókítà kò purọ́. Ó ní kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ lójú màmá mi. Ó ní òun fara mọ́ ọmọ tó wọ́ tó ń rìn ju ọmọ tó tọ́ tó wà lórí àga. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti Alápòtì sì ń ràn án lọ́wọ́, ó ń sọ ti ẹni tí wọ́n la ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò dìde mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè sọ ìlú tí ẹni náà wà. Bàbá mi jókòó, ó gbọ́ tẹnu gbogbo wọn tán, ó wá bi wọ́n léèrè ẹni tó ni ẹ̀yìn. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n sọ tèmi.

Èmi tí mo ti búra pé kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀bẹ kàn mí. Ẹ̀rù ń bà mí, n ò ní parọ́. Mo ń ronú nípa ẹsẹ̀ mi lójoojúmọ́, mo ń mì wọ́n lábẹ́ tábìlì. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹ̀síréè méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì mọ ibi tí ẹ̀kẹta ń lọ. Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ kí wọ́n ṣe é. Màmá mi ní ọmọdé ni mí, n kò mọ ohun tí mò ń sọ.

“Ẹ̀yin lẹ bí mi, mà,” ni mo wí, “ṣùgbọ́n èmi ni mo ń gbé e rìn.”

Ó dìde kúrò níbẹ̀. Fún ọjọ́ pípẹ́, kò sọ̀rọ̀ kan ẹ̀yìn mi, màṣíìnì rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Èmi náà kò bẹ̀ ẹ́. Bí a bá jókòó jẹun, n ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ẹ́, pé mo fẹ́ kí wọ́n ṣe é, n ó sì bu òkèlè mìíràn. Níkẹyìn, ó bá mi lọ bá dókítà, ó ní òun kò fẹ́ àlàyé mọ́, ẹni tí wọ́n ti ṣe é fún lòun fẹ́ rí, kí òun fi ojú òun rí i tó ń rìn.

Dókítà bá wa wá ẹnì kan tó gbà láti wá, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ọ̀tà wa níbẹ̀. Ó dé ṣọ́ọ̀bù wa ní ọ̀sán Sátidé, ó wọ sòkòtò jíǹsì, ó kúnlẹ̀ kí màmá mi, ó sì dìde láìdi nǹkan mú. Màmá mi ò bá a fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ó ní kí ó rìn dé títì kí ó padà. Ó ní kí ó jókòó sórí àpótí kékeré. Ó ju píìnì sílẹ̀, ó ní kí ó bá òun mú un. Ọmọbìnrin náà fi orúnkún lọ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán, ó ṣa píìnì náà, ó kó o fún un. Ó ní apá kan ẹ̀yìn òun kò ní tẹ̀ mọ́ láéláé, ó sì dun òun gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn họ́sítẹ́ẹ̀lì òun ga, òun sì ń gùn ún. Màmá mi bi í bóyá ó máa lè pọn ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní dókítà ní òun máa lè pọn ọmọ, ọkọ ló kù. Màmá mi náà rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Nígbà tí ó sin ín dé ọ̀nà tó padà wọlé, ó ní kí n sọ fún bàbá mi pé òun ti gbà.

Bàbá mi ta ilẹ̀ tó rà sí Ìjòkó láti fi san owó iṣẹ́ abẹ náà. Kò jẹ́ kí a bá òun sọ ọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà ni ìrora tí n kò ní orúkọ fún, èkejì sì ni ọwọ́ tó di ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi mú. Màmá mi ni. Ó ní kí n gbé e. Mo ní mo ti gbé e. Ó ní òun kò rí nǹkan kan, kí n tún gbé e. Mo rò ó dé ìsàlẹ̀, mo fi gbogbo agbára mi ṣe é, mo sì gbọ́ tí màmá mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ohùn tí n kò gbọ́ rí.

Nígbà tó yá, òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ni ní ìrìn wá gbé mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Yàrá yí mi lójú, ó sì dúró. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, gíga kan náà ni èmi àti màmá mi bí a bá dúró. Ó wà níwájú mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, mo sì wá a níbi tí ojú rẹ̀ máa ń wà, ìbòrí rẹ̀ ni mo rí. Mo ní láti wo ìsàlẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀. Òun náà rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

“Má wò mí,” ni ó wí. “Máa bọ̀.”

Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó dùn mí wọra. Mo gbé ti òsì tẹ̀ lé e.